Omi mẹ́ruwà ní Abaji

Abaji, ní agbègbè olú-ìlú Àbújá, pa rọ́rọ́, ọkàn ẹni a balẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí ilé tẹ́ ẹ gbà ò bá ní bọ́họ̀lù, ọwọ́ mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi kiri, lẹ wà. Ọmọlanke tó kó kẹ́ẹ̀gì 12 oní-líítà 25 gbé líítà 300. Ẹni márùn-ún tó jọ ń lo líítà 100 lóòjọ́ á fi ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ wọn dáa gan-an, wọ́n á gbé e dé ìdí dúrọ́ọ̀mù yín.

Kẹ́ẹ̀gì ni ìṣòro. Ẹ ṣí i, ẹ fi iná fóònù wo inú rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi rẹ̀ fọṣọ ni o. Ẹ rí i pó kún dé ọrùn. Nígbà ọyẹ́, tí kànga bá gbẹ, ẹ pè wọ́n ní kùtùkùtù.