Ráàkì ohun ìṣeré ọmọdé tí mo rà: irin ògiri dà?

Ráàkì yìí ti Èkó dé ilé wa n'Íbàdàn láìsí irin pélébé tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ògiri. Gbogbo nǹkan yòókù pé: pákó, ike mẹ́sàn-án aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń kó ohun ìṣeré sí, àpò nọ́ọ̀tì, títí kan ìwé tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń tò ó sí. Nínú ìwé ọ̀hún, irin náà wà níbẹ̀ gbangba, wọ́n fi ọfà pupa tọ́ka sí i. Mo tú páálí dé ìdí, mi ò rí i.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó kí mi dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: "Ẹ káàsán mà, ẹ kú ìnáwó mà." Mo ní irin ògiri ńkọ́? Ó ní, "Ha, ìyẹn kì í bá a wá o, mà. Ẹ máa sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ₦3,500." Mo ní kí ló wá ń ṣe nínú ìwé yín? Ó ní àwọn ará Ṣáínà ló tẹ ìwé yẹn. Mo bi í bóyá ó mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀. Ẹ ṣáà kó èyí tó bá wúwo sí ìsàlẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ eléyìí.

A ṣì wà lórí fóònù nígbà tí ọmọ mi kékeré, tí kò tíì pé ọdún méjì, fa ike ìsàlẹ̀ méjì yọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ àyè wọn, ó ń gun ráàkì bí àtẹ̀gùn. Ráàkì fì síwájú. Màmá mi tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí ló sáré na ọwọ́ òsì, ó gbá ráàkì mú lókè. Ẹ̀wà dà káàkiri pálọ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó rò pé eré ni. Ohun tí mo wá sọ sínú fóònù, màmá mi ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Kì í ṣe pé mo le jù. Ní 2016, IKEA, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta ohun èlò ilé, kéde fún àwọn tó ra àpótí aṣọ wọn ní Amẹ́ríkà, àpótí bíi mílíọ̀nù 29, pé kí wọ́n dá a padà gbowó tàbí kí wọ́n gba irin ìdè, lẹ́yìn tí àwọn kan nínú ẹ̀ ti wó pa àwọn ọmọdé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn nírin o. Ẹ má sọ fún mi pé ti aṣọ nìyẹn. Ọmọ tó ń gun nǹkan ò béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀.

Bàbá káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi yanjú ẹ̀. Ó fi ìka kan ògiri kọ́kọ́kọ́, ó dẹtí, ó ní, "Ibí yìí, sìmẹ́ǹtì lásán ni. Ibi tí búlọ́ọ̀kù wà rè é." Ó lu ihò méjì, ó ki ike kékeré tó ń di nọ́ọ̀tì mú bọ̀ ọ́, ó fi irin onígun tirẹ̀ dè é. ₦2,000 ni gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ àti irin. Kó tó lọ, ó fi èékánná ha ẹ̀yìn pákó náà, ó mi orí: "Màdáámù, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kómi kàn án." Ilé ìtajà ò sọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, látìgbà tó ti dúró, mo fẹ́ràn ẹ̀. Inú Ghana-must-go ni a máa ń kó ohun ìṣeré sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá mọ́tò kan ṣoṣo á da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á mú mọ́tò, á máa lọ. Àwọn ike yìí ò jìn, wọn ò ní ìdérí, wọ́n sì dagun síwájú, ọmọ ń rí ohun tó wà nínú wọn. Mo lẹ àwòrán mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò tíì mọ̀wé yẹn ń dá mọ́tò padà síbi mọ́tò. LEGO ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lókè pátápátá, torí gbogbo nǹkan kékeré lẹnu àbúrò ń lọ.

Mẹ́rin péré ni mo ń kó nǹkan sí nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà fi ohun ìṣeré mẹ́rin síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n tún fi 16 síwájú wọn nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ pẹ́ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi dá àrà oríṣiríṣi, nígbà tó jẹ́ mẹ́rin. Èyí tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń pààrọ̀ wọn. Àwọn fèrè àti awò ike tí wọ́n ń pín níbi ọjọ́ ìbí, àti ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ á ti yọ kẹ́ ẹ tó délé, ìyẹn ò dé orí ráàkì mi rárá. Mo mọ ibi tí mò ń kó o gbà.

Ọ̀gá wọn pè mí nígbà tó yá, ó bẹ̀ mí gan-an, ó ní òun á fi irin náà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bá awakọ̀ kan wá. Mo gbé ọ̀kadà lọ gbà á ní gáréèjì Ìwó Road. Irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò fi nọ́ọ̀tì sí i.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti sanwó èkejì, ti ilé màmá mi. Wọ́n ti ní kí bàbá káfíńtà wá wo ògiri àwọn sílẹ̀.