Lọ́yà tó bá wa pín ogún bàbá wa n'Ìbàdàn

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, mo kàn ní kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ tán nílẹ̀ ná. Èmi ni àkọ́bí bàbá wa. Ìyá wa bí mẹ́rin fún un, Ìyá Kékeré bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Bàbá ò ṣe wíìlì kó tó kú. Ó fi ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀ l'Ókè-Àdó, ṣọ́ọ̀bù méjì l'Ógùnpa, àti owó díẹ̀ ní báǹkì.

Ogójì ọjọ́ ò tíì pé tí àbúrò wa yìí, ọmọ Ìyá Kékeré, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. A pè é sípàdé, kò wá. A ní kó fọwọ́ sí ìwé tá a fẹ́ mú lọ sí ọ́fíìsì Probate ní High Court, ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń fúnni láṣẹ lórí ogún òkú, ó ní àfi tá a bá kọ́kọ́ gbà pé ìdajì ogún jẹ́ tòun. Ìdajì! Ẹnì kan nínú àwa márùn-ún. Ó tún ní òun máa fi caveat síbẹ̀, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ fún kóòtù pé kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí ogún láìjẹ́ pé òun gbọ́ sí i. Báǹkì ò sì ní fún wa ní kọ́bọ̀ láìrí ìwé àṣẹ kóòtù.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́lété júwe lọ́yà yìí fún mi. Lẹ́tà tó máa dẹ́rù ba ọmọ náà ni mo bá lọ. Kò kọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mà, báwo ni Bàbá ṣe gbé àwọn ìyá yín níyàwó?" Mo ní ìdána nìkan ni, wọn ò dé kóòtù, wọn ò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní a jẹ́ pé òfin ìbílẹ̀ la máa fi pín in, ìdí-igi sì ni òfin ìbílẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye ọmọ. Ó ka ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé fún wa, èyí tó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tó ga jù tí ẹjọ́ wa ń dé nígbà náà, lọ́dún 1962. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án; ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n pín in sí. Orí-ò-jorí tí àwa ń pariwo, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, olórí ẹbí ló lè ní ká lò ó, tí ìjà bá dé lórí bí a ṣe máa pín in, tó sì rí i pé ìyẹn ló dáa.

Àbúrò tó tẹ̀ lé mi bínú dìde, ó jáde. Èmi náà ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n owó wa ni lọ́yà yìí ń gbà, síbẹ̀ ó sọ ọ́ lójú wa pé ọmọ tá à ń pè ní olóríkunkun ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́, torí ìyàwó méjì ni Bàbá ní. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́yà ní kí orúkọ ọmọ náà wà lára àwa tí kóòtù máa fún láṣẹ. Mo kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbà. Ó tún ní kí n kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde látọjọ́ tí Bàbá ti kú sínú ìwé kan. N kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀! Orí fóònù àti abala ìwé ni mo ti ń ṣa owó pósí, owó kánópì, owó ìrẹsì.

Pálọ̀ àbúrò Bàbá, tó jẹ́ olórí ẹbí, la ti pàdé. Ọmọ náà wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń fi ìka tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ka ìwé owó tí mo kọ, ó dé ibi màlúù, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, màlúù kan la rà. Èkejì, àwọn àna yín ló mú un wá." Òótọ́ ni, mo ti ṣe àṣìṣe. Lọ́yà fi báírò fa ìlà sí i, ó ní kí èmi àti ẹ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Látìgbà yẹn ni ohùn ọmọ náà ti rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé owó ilé oṣù mọ́kànlá tó gbà jáde lápò.

Bàbá Kékeré ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí: ṣọ́ọ̀bù méjèèjì di tirẹ̀, ilé di tiwa mẹ́rin, a sì ka owó ilé tó ti gbà mọ́ ìpín rẹ̀ nínú owó báǹkì. Gbèsè ìsìnkú la kọ́kọ́ san kí ẹnikẹ́ni tó gba ohunkóhun.

Àléébù wà o. Lọ́yà yìí kì í gbé fóònù, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó dáhùn. Akọ̀wé ẹ̀ sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta láìfún mi ní rìsíìtì, ìyẹn dùn mí gan-an, mo sì sọ fún un. Owó iṣẹ́ tiẹ̀ ò kéré, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sì fi náírà kan lé e.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ irú ẹ̀, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, ìwé ilẹ̀, orúkọ gbogbo ọmọ pátá àti ti ìyá tó bí wọn, àti ìwé owó ìsìnkú. Ẹ má yọ orúkọ ẹnì kankan kúrò níbẹ̀ torí pé ẹ̀ ń bínú sí i.