Ẹsẹ̀ méje tó tẹ̀: prósẹ́sọ̀ tuntun tí mo rà àti àwọn mẹ́ta tó dá mi lóhùn

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, aago mọ́kànlá ti ń lọ lù, mo di fáànù orí prósẹ́sọ̀ tuntun mi, ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi, mú, mo fà á sókè, ó sì tú. Kì í ṣe fáànù nìkan ló tú. Prósẹ́sọ̀ ọ̀hún lẹ̀ mọ́ ọn nídìí bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, bẹ́ẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dè é mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní títì, n ò tíì fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, "kẹ́rẹ́", àyà mi sì já. Mo tan iná fóònù sí i lábẹ́. Ẹsẹ̀ méje, àwọn irin tín-ín-rín abẹ́ prósẹ́sọ̀ tó ń wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti tẹ̀ ní igun kan. Mẹ́fà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkeje dojú bolẹ̀ gbalaja.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Láti ayé 486, prósẹ́sọ̀ Intel àtijọ́, ni mo ti ń fọwọ́ ara mi pààrọ̀ prósẹ́sọ̀. Agolo kan wà lórí tábìlì mi tí mo ń kó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sí. 486 DX2 wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà ṣì gún régé. Pentium II ti ọdún 1997 wà nítòsí rẹ̀, èyí tí wọ́n dì sínú ike dúdú bíi kásẹ́ẹ̀tì géèmù. N ò ba ẹyọ kan nínú wọn jẹ́ rí.

Èyí tí mo rà yìí, n ò ní ka iye core rẹ̀, ìyẹn iye orí tó fi ń ṣiṣẹ́, fún yín, ó wà lára páálí. Ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, n ò sì ní dárúkọ wọn. Ó dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, páálí ò họ, èdìdì rẹ̀ ò já. Gbogbo ohun tí mo lè yìn nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo tò ó, mo tan ẹ̀rọ. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn biribiri. Mo yọ ráàmù, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ wáyà. Òkùnkùn náà ni. Ni mo bá kọ̀wé sí customer care wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn kí mi dáadáa, ó wá ní kí n tún Windows fi sórí ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, n ò rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ." Ó ní, "A dúpẹ́ fún sùúrù yín, sà. Tí ẹ bá ti tún Windows fi sórí rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká gbọ́." Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé OJÚ Ẹ̀RỌ ṢÓKÙNKÙN. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kọjá, mo wo aago. Ó wá béèrè bóyá ojú ẹ̀rọ náà wà lára iná. Mo ya wáyà rẹ̀ ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wábi gbà.

Ẹni kejì ló dá mi lóró. "Ẹ yọ prósẹ́sọ̀ náà, sà, kí ẹ ya ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ká fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀." Ó tán. Kò sọ pé kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná kí ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin fáànù lè rọ̀. Kò sọ pé kí n kọ́kọ́ rọra yí fáànù síhìn-ín sọ́hùn-ún kí n tó fà á. Ìpara yẹn kì í ṣe gọ́ọ̀mù o, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí àwọn àlàfo tíntìntín tí ojú ò lè rí, kí ooru lè rọ́nà kọjá sínú irin. Ṣùgbọ́n tó bá ti tutù, ó lè di nǹkan mú ju gọ́ọ̀mù lọ. Irin pẹlẹbẹ kan lásán ló wà lórí 486 mi láyé ọjọ́un, kò sí ìpara kankan, ibo ni n bá ti kọ́ ọ?

Mo fà á. Ẹ ti mọ ìyókù. Mo ya àwòrán, mo fi ránṣẹ́, èsì sì dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: "Sà, àwòrán yín fi hàn pé ẹsẹ̀ prósẹ́sọ̀ ti tẹ̀. Wáráńtì wa ò bo èyí. Ẹ kú alẹ́." Ẹni tó ní kí n yọ ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti ti ọ̀rọ̀ náà pa, ó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé "A ti yanjú rẹ̀".

Oorun ò kùn mí. Mo jókòó ti agolo mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀. Intel 4004 tó jáde ní 1971, tí wọ́n ṣe nítorí ẹ̀rọ ìṣirò ilé iṣẹ́ Busicom ní Japan, ẹsẹ̀ 16 péré ló ní. 8086 ti ọdún 1978 ní 40. 486 tó wà lọ́wọ́ mi ní 168. Èyí tó lẹ̀ mọ́ fáànù yìí lé ní 1,300. Ọ̀kùn tí wọ́n ní ó ní igba ẹsẹ̀, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde nìkan ni ẹsẹ̀ ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iná tún wà níbẹ̀. Àwọn 486 àkọ́kọ́ ń lo fólìtì 5, ti òde òní ń lo nǹkan bíi fólìtì 1. Bí fólìtì ṣe ń wálẹ̀ tí iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń ṣàn wọlé ń pọ̀: prósẹ́sọ̀ tó bá ń jẹ wáàtì 100 ní fólìtì 1, ampere 100 ló ń gbà wọlé. Kò sí ẹsẹ̀ tín-ín-rín kan tó lè dá ìyẹn gbé, ni wọ́n ṣe pín in fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn. Tí ìkeje mi yìí bá jẹ́ ẹsẹ̀ iná, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a rù ú. Tó bá jẹ́ ti ráàmù, ó parí nìyẹn.

(Ní 2004, Intel kó ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọ́n kó o lọ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní LGA775. Ọgbọ́n ni. Ẹsẹ̀ ò tẹ̀ lára prósẹ́sọ̀ mọ́, ara motherboard, pátákó ńlá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, ló ti ń tẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ń gba èébú.)

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ti oníbàárà síwájú láti wá gbèjà ara rẹ̀ nínú òwò yìí. Ní 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní Virginia, rí i pé Pentium rẹ̀, prósẹ́sọ̀ Intel, ń ṣi ìṣirò ṣe. Ẹ fi 3,145,727 pín 4,195,835, ó yẹ kó jẹ́ 1.3338204. Pentium ní 1.3337390 ni. Àyè bíi mélòó kan ló ṣófo nínú tábìlì tí chip náà fi ń ṣe ìpín. Ohun tí Intel kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ òmíràn fi hàn pé iṣẹ́ òun nílò ìṣirò tó péye tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn fàáké kọ́rí. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ó sì ná wọn ní mílíọ̀nù 475 dọ́là. Mo ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ náà kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò balẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹni kẹta dé. Obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ ni, "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Kí ni nọ́ńbà tó wà lára sítíkà funfun orí motherboard yín?" Mo kà á fún un. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. "Wọ́n ti ṣe BIOS yín kí wọ́n tó bí prósẹ́sọ̀ yẹn. Kò mọ̀ ọ́n rí."

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. BIOS ni ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun, òun ló ń wo ẹni tó jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí àwòrán kankan tó jáde. Tí kò bá dá a mọ̀, kò ní bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi, nítòsí ojú USB: kí n kó BIOS tuntun sórí flash, kí n kì í bọ ibẹ̀, kí n tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. "Kò tiẹ̀ nílò prósẹ́sọ̀ rárá, ẹ̀gbọ́n." Mo ka gbólóhùn yẹn títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Ó túmọ̀ sí pé kò sídìí fún mi láti yọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin, àwọn méjì, ẹsẹ̀ méje, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nọ́ńbà sítíkà.

Mo ní, "Èyí tó tẹ̀ wá ńkọ́?" Ó ní, "Ṣé ẹ ní pẹ́ńsù onítẹ̀, èyí tí wọ́n ń ki lẹ́ẹ̀dì sí? Ẹ yọ lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀. Ihò ẹnu rẹ̀ á wọ ẹsẹ̀ kan. Ẹ rọra gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó máa ń rẹ irin náà."

Mo fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ irin fáànù títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, mo yí i díẹ̀díẹ̀, prósẹ́sọ̀ sì yọ́ wá sọ́wọ́ mi. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ, mo wọ gíláàsì ìkàwé mi. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dìde láàárín wákàtí kan. Mo ń gbé e sókè sí ojú fèrèsé, mò ń wo ìlà wọn bí ẹni ń wo poro oko: èyí tí kò bá tọ́, ó máa yọ orí sí àárín àwọn ìyókù. Ìkeje nìkan gba wákàtí kan. Mo ń mí tẹ̀lé e. Nígbà tó dúró tán, mo gbé e lé sọ́kẹ́ẹ̀tì láìtì í, nítorí pé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kò fẹ́ agbára, tí ẹsẹ̀ bá tọ́, fúnra rẹ̀ ló máa jókòó. Kò jókòó. Mo gbé e, mo tún ìkeje wò, mo fún un ní bíńtín sí ọ̀tún. Ó jókòó.

Mo kó BIOS tuntun wọlé bí obìnrin náà ṣe wí. Ìgbà tí àwòrán yọ lójú ẹ̀rọ, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi sáré wọlé wá wò mí.

Láti ìgbà náà ni n ò ti mọ bí n ṣe máa bá prósẹ́sọ̀ yìí jà mọ́. Fídíò tí ẹ̀rọ mi àtijọ́ ń fi ìṣẹ́jú 52 yí padà, èyí ṣe é ní ìṣẹ́jú 9. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé ó fò nǹkan kan ni. Ẹ rántí Pentium 4, tó ń mú yàrá gbóná bí ìdí ààrò. Intel gbé e dé 3.8 GHz (iye bílíọ̀nù ìgbà tó ń lù bí aago láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ní 2004, wọ́n fẹ́ dé 4, ooru lé wọn padà, wọ́n fagi lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Intel àti AMD, orogún rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn olórí méjì fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Láti ìgbà náà, iye GHz ò sáré lọ sókè bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín lílù kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀. Cache, àpò kékeré inú prósẹ́sọ̀ tó ń kó ohun tó ń lò sí nítòsí, jẹ́ kílóbáìtì 8 nínú 486 mi. Èyí ní mẹ́gábáìtì 32, ìlọ́po 4,096. Tí ohun tó fẹ́ bá ti wà nínú ilé, kò ní dúró de ráàmù.

Ṣùgbọ́n fáànù tó bá a wá ń hu bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ètò tí mo fi ń kọ lẹ́tà náà kò sì yára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kọ ètò ti na gbogbo ìyára náà tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Nǹkan kan tún wà. Orí fóònù ni mo ti ń bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò tí ògbólógbòó ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ mi wà ní dídákú. Prósẹ́sọ̀ inú fóònù náà jẹ́ ìran ARM, èyí tí Sophie Wilson àti Steve Furber gbé kalẹ̀ ní Acorn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, nígbà tí gbogbo transistor inú rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì iná tíntìntín tó fi ń ṣiṣẹ́, ò ju nǹkan bí 25,000 lọ. Prósẹ́sọ̀ M1 ti Apple ní 2020, ìran kan náà, ní bílíọ̀nù 16. Kò sí ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀ tí mo lè tẹ̀. Wọ́n jó o mọ́ inú ẹ̀rọ, ọjọ́ tó bá kú, gbogbo rẹ̀ lẹ máa gbé sọnù. Ibi tí gbogbo wọn ń lọ nìyẹn, mo mọ̀. Ní tèmi, mo ṣì fẹ́ èyí tí mo lè fọwọ́ mi bàjẹ́, kí n sì fi pẹ́ńsù tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹni kejì tún kọ̀wé sí mi: "Inú wa dùn pé ìṣòro yín ti yanjú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìràwọ̀." Mo ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀: ẹni tó bá bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ni ìràwọ̀ náà. Mo fẹ́ tẹ ẹyọ kan. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo ṣí ọ̀rọ̀ náà padà, mo ní obìnrin yẹn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tó dé, mo bi í bóyá iná ara bọ́tìnnì yẹn máa ń kú tí BIOS bá ti wọlé tán.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ti ṣe é tán?"

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún.