Ọkọ̀ kejì ti dé: oṣù 8 lórí ẹ̀ka ojú irin wa lẹ́yìn àtúnṣe

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọ̀dọ̀ tiwa o: irin méjì gbọọrọ tó yà kúrò lára ojú irin ńlá ní ìkóríta, tó sì lọ tán sí ìdíkọ̀ ìkẹyìn láìsí ibòmíràn tó tún lè lọ. Ìdíkọ̀ 7 ló wà lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú 24 sì ni ìrìn láti orí dé ìdí. Òun ni mo ti ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún 11 sẹ́yìn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Oṣù 8 ti kọjá tí wọ́n parí àtúnṣe tí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní sùúrù kí n tó kọ èyí, torí kò sí ohun tuntun tí kì í dára lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ kan péré, kóòṣì méjì. Yóò lọ, yóò dé òpin, dírẹ́bà á bọ́ sílẹ̀, á rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn náà ni yóò di iwájú, á tún gbéra. Àlọ àti àbọ̀ gba wákàtí kan gééré, nítorí náà wákàtí wákàtí la ń rí ọkọ̀. Bí ti aago méje bá fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ, o di ẹni tó ń ka òkúta abẹ́ irin títí di aago mẹ́jọ. Ti aago méje yẹn pàápàá, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbẹ̀. Láti ìdíkọ̀ kẹta ni ìjókòó ti ń tán. Ní ìdíkọ̀ karùn-ún, ẹ̀yìn lèèyàn fi ń wọlé kí àyà má baà kan àyà ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ báàgì ọkùnrin kan lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀kùn ṣí padà kó tó ráyè fa báàgì rẹ̀ wọlé, gbogbo wa sì ń wo aago.

Kóòṣì ni gbogbo wa ń bèèrè. Nígbà tí wọ́n pe àwa èrò sí ìpàdé, ohun tí èmi náà sọ nìyẹn: ẹ fi kóòṣì kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan yọ bírò, ó fa ilà gbọọrọ kan sẹ́yìn ìwé tí wọ́n pín fún wa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní a so kóòṣì 10 pọ̀ fún yín. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, ìgbà wo lẹ máa tó rí i?"

Mo ní, "Lẹ́yìn wákàtí kan ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó wá ya ikùn kékeré kan sí àárín ilà náà, bí ikùn ejò tó gbé eku mì. "Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà."

Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ikùn ejò yẹn là ń pè ní ìyàgò báyìí. Irin kan á pín sí méjì fún ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ kan gùn mọ, yóò sì tún padà di ẹyọ kan. Ọkọ̀ tó ń lọ gba ọ̀tún, èyí tó ń bọ̀ gba òsì, wọ́n yà fún ara wọn, ó parí. Ọkọ̀ kan á gbéra ní ìkóríta ní aago méje, èkejì á gbéra ní òpin ní aago méje kan náà. Ìṣẹ́jú 12 lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé ní ìyàgò. Nígbà tí aago méje bá fi ìṣẹ́jú 24 kọjá, kálukú ti dé ibi tí ẹnìkejì ti wá. Wọ́n sinmi ìṣẹ́jú 6, wọ́n tún mú ọ̀nà pọ̀n. Bí wákàtí kan ṣe di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn, láìjẹ́ pé wọ́n fi irin kejì tẹ́ gbogbo ọ̀nà.

Ibi tí wọ́n gbé ìyàgò sí ló ṣe iṣẹ́ yẹn o. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gbé e sí ìdíkọ̀ kejì nítorí pé ilẹ̀ fẹ̀ níbẹ̀. Ká ní wọ́n gbọ́ tiwọn, apá tó kù lọ́nà ọ̀hún á gùn jù: ọkọ̀ kan á ní láti lọ dé òpin, kó sì padà dé ìyàgò, kí òmíràn tó lè wọ ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ti ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Owó á ti lọ, ìyàgò á wà níbẹ̀, àwa náà á ṣì máa ka òkúta.

Kì í ṣe tiwa ni àkọ́kọ́. Ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka kan wà tó ti Truro lọ sí Falmouth, irin kan ṣoṣo lòun náà. Ní 2009, wọ́n fi ìyàgò sí ìdíkọ̀ Penryn, ọkọ̀ sì di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó wù mí jù nínú tiwọn ni pèpéle tí èrò ń dúró lé. Ẹyọ kan náà ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn fà á gùn ni. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Falmouth ń dúró ní apá kan rẹ̀, èyí tó ń lọ sí Truro ń dúró ní apá kejì, kò sí ẹni tó ń gun afárá. Tiwa ńkọ́? Afárá ni wọ́n kọ́ fún wa, àtẹ̀gùn 32 ní gígùn, 32 ní sísọ̀. Mo kà á. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé arúgbó àti ẹlẹ́rù gòkè ti dákẹ́ ìgbà mẹ́ta lójú mi láàárín oṣù 8 yìí. Bí ẹ bá ń kọ́ ìyàgò níbi tiyín, ẹ ráńṣẹ́ lọ wo Penryn kẹ́ ẹ tó pe oníbíríkì.

Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ méjì lórí irin kan lè forí gbárí. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní 1921, ní Abermule ní Wales, ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn lórí irin kan ṣoṣo, èèyàn 17 kú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó yẹ kó dènà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí Edward Tyer, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1878 ni: dírẹ́bà ò gbọdọ̀ wọ orí irin láìní àwo kékeré kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ kì í sì í yọ ju àwo kan lọ fún apá ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, àwo apá ọ̀nà tí ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà náà ti gbà kọjá, èyí tó fúnra rẹ̀ gbé dé, ni wọ́n tún gbé lé e lọ́wọ́ padà. Kò wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó gbéra. Lórí ẹ̀ka wa, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ àwo yẹn. Iná pupa kò ní kúrò àfi bí irin iwájú bá ṣófo, bí dírẹ́bà bá sì kọjá lára iná pupa, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ tẹ búréèkì. Ọkàn tèmi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí kóòṣì, torí wọ́n kúkú fi kún un. Mẹ́rin ló ti di báyìí. Kóòṣì 2 lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan ti di kóòṣì 4 lẹ́ẹ̀mejì, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn lórí ìwé. Ìjókòó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Tẹ́lẹ̀, èèyàn mẹ́ta ń jókòó lápá kan, méjì lápá kejì; báyìí, méjì méjì ni, kí àárín lè fẹ̀. Àwọn kan ń kùn sí i. Èmi fara mọ́ ọn, torí ẹnì kẹta lórí ìjókòó àtijọ́ yẹn, ìdajì ìdí rẹ̀ níta ló máa ń wà.

Ilẹ̀kùn ló jọ mí lójú jù. Ti àtijọ́ wà ní ìpẹ̀kun kóòṣì méjèèjì, ó há, ó ní àtẹ̀gùn kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó wọlé. Ti ìsinsìnyí sún mọ́ àárín, ó fẹ̀ tó kí ẹni méjì wọlé ní ẹgbẹ́ ara wọn, ilẹ̀ ọkọ̀ àti pèpéle sì dọ́gba, kẹ̀kẹ́ ọmọ kàn ń yí wọlé ni. Mo fi aago ọwọ́ mi wò ó ní ìdíkọ̀ karùn-ún. Láàárọ̀, ọkọ̀ àtijọ́ máa ń lo ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 níbẹ̀. Ti ìsinsìnyí, ìṣẹ́jú àáyá 45, èrò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣẹ́jú àáyá wọ̀nyẹn. Nígbà tó jẹ́ ọkọ̀ kan, bó bá pẹ́, òun nìkan ló pẹ́. Báyìí, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ìyàgò gbọ́dọ̀ dúró de èkejì, nítorí náà àìsàn ọ̀kan ń ran èkejì. Àná òde yìí, ìṣẹ́jú 7 la fi jókòó sínú ìyàgò, tí à ń wo irin òfìfo iwájú wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí là ń dúró dè?" Mo ní ẹnì kan ló ń di ilẹ̀kùn mú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwàdà ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ yẹn kọjá, mo rí i pé ó kún bámúbámú, kóòṣì méjì ló sì ní. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun ló bàjẹ́, wọ́n wá fa ọkọ̀ arúgbó yọ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn híhá rẹ̀. Wọn ò ra ọkọ̀ ìrọ́pò. Ọkọ̀ tuntun méjì ni iṣẹ́ náà gbà, méjì náà ni wọ́n rà. Àléébù tó tóbi jù tí mo rí nínú gbogbo ètò yìí nìyẹn.

Epo dísù ni wọ́n ṣì ń lò. Ọkọ̀ iná mànàmáná máa ń yára sáré tó bá kúrò lójú kan, ìdíkọ̀ 7 sì pọ̀ fún ọ̀nà kúkúrú. Ní Schleswig-Holstein ní Jámánì, láti 2023 ni ọkọ̀ oníbátìrì ti ń sá lórí àwọn ẹ̀ka tí kò ní wáyà lókè. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ní ìkóríta, ìṣẹ́jú 4 la ní láti sáré bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá. Lójú ìwé, ó dára. Ní Switzerland, bí wọ́n ṣe to àtẹ àkókò gbogbo orílẹ̀-èdè náà láti 1982 nìyẹn: ìṣẹ́jú kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ ẹ̀ka dé díẹ̀ ṣáájú kí ti ojú irin ńlá tó gbéra. Tiwa náà ti di ohun téèyàn ò ní láti wo ìwé fún. Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: aago géérégé àti ààbọ̀ ni. Ohun tó kù ni pé ọkọ̀ ńlá àti ti ẹ̀ka kì í dúró de ara wọn. Láàárọ̀, ìyẹn ò pa mí lára, òmíràn ń bọ̀. Lálẹ́, ó ń pa mí lára. Bí ọkọ̀ ńlá bá pẹ́, ọkọ̀ ìkẹyìn lórí ẹ̀ka á ti lọ, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló sì ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé ti ìkẹyìn yẹn nìkan, kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 10 dúró. Ìyàgò ò kàn án nígbà yẹn, ọkọ̀ kejì ti sùn. Wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n rí ìwé mi.

Ó ku ti pèpéle kúkúrú. Ní ìdíkọ̀ kejì àti ìkẹfà, kóòṣì mẹ́ta ló lè kan pèpéle, ilẹ̀kùn kóòṣì ẹ̀yìn kì í ṣí. Ẹ̀rọ ń kéde rẹ̀ nínú ọkọ̀, lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, màmá kan ń tẹ bọ́tìnì lẹ́nu ọ̀nà kóòṣì ẹ̀yìn ní ìdíkọ̀ ìkẹfà, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo ní, "Màmá, iwájú lẹ máa gbà sọ̀." Wọ́n wo èrò tó dúró fọ́fọ́ láàárín wa àti kóòṣì kẹta, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, orí ta ni kí n gbà kọjá?" Ọkọ̀ gbé wọn dé òpin, àkókò sì ti ṣòfò kí wọ́n tó padà. Gáàdì ní kí wọ́n má bínú. Láti ọjọ́ yẹn, kóòṣì iwájú ni màmá ń wọ̀, bó ti wù kó kún tó.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún wọn. Bí wọ́n bá ra ọkọ̀ kẹta, á di 9. Ti pèpéle, ó jọ pé wọ́n ti gbọ́: láàárọ̀ yìí, mo rí èèkàn tuntun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn pèpéle ìdíkọ̀ ìkẹfà, wọ́n ta okùn mọ́ ọn, ó gùn tó kóòṣì kan.