Fáńpáyà tó ń wá oúnjẹ alẹ́ nílé ọlọ: mo ti ka After Ninety Years tán

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o. Tó bá jẹ́ fáńpáyà, ìyẹn òkú tó ń jáde nínú sàréè wá mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, olówó tó ń wọ kóòtù dúdú, tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn kó sí ọmọbìnrin lórí lẹ̀ ń wá, ẹ má ra ìwé yìí, owó yín á dùn yín. Fáńpáyà inú eléyìí ò láàfin, aṣọ ìsìnkú ẹ̀ ló gbé kọ́ èjìká, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ebi ló sì ń pa á. Sava Savanović lorúkọ ẹ̀, ará oko lásán ni kí wọ́n tó sin ín.

Milovan Glišić, ọmọ Sẹ́bíà ní Yúróòpù, ló kọ ọ́, ọdún 1880 ló jáde lédè wọn, ọdún 17 gbáko ṣáájú Dracula, ìwé fáńpáyà tó lókìkí jù. James Lyon wá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015, òun ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ márùn-ún ló máa gbà, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà tó sì dé, omi ti wọ ẹ̀yìn ìwé, ó ní òjò ni. Ìyẹn ò kan òǹkọ̀wé ṣá.

Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Zarožje, wọ́n ní ilé ọlọ kan tí omi odò ń yí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ọkà wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sùn síbẹ̀ láti ṣọ́ ọlọ, òkú ẹ̀ ni wọ́n á bá láàárọ̀, àmì pupa á yí ọrùn ẹ̀ po bí ìgbà tí wọ́n fokùn fún un. Strahinja, ọmọkùnrin tálákà kan láti Ovčina, ń fẹ́ Radojka, Živan bàbá ọmọ sì fárígá, ló bá fìbínú kúrò nílé, ó bọ́ sáàárín àwọn ará Zarožje tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ọlọ lójú méjèèjì, ó ní òun á sùn síbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan tó owó ìwé. Ó gbé ìtì igi kan síbi tó yẹ kóun sùn, ó faṣọ bò ó bí èèyàn, ó wá gun àjà lọ pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ méjì tó ti ki owó fàdákà sí. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Àfi bí ọkùnrin gíga kan ṣe wọlé wẹ́rẹ́, ó kọjú sí ìtì igi, ó rí i pé kì í ṣèèyàn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, ó ń pe orúkọ ara ẹ̀, ó ń ráhùn pé látàádọ́rùn-ún ọdún tóun ti ń ṣe fáńpáyà, òun ò tíì pebi mọ́nú bíi tòní rí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù tún bà mí, òkú ń ṣe bíi baálé ilé tíyàwó ẹ̀ ò tíì gbọ́bẹ̀ kaná!

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé orúkọ tí Strahinja gbọ́ yẹn nìkan làwọn ará abúlé mọ̀. Wọn ò mọ ibi tí sàréè wà, ó di kí wọ́n lọ bá arúgbó kùjọ́kùjọ́ kan, Mirjanja, kó tó rántí pé nínú kòtò kan lábẹ́ igi ńlá kan táwọn òyìnbó ń pè ní elm ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n mú akọ ẹṣin dúdú tí ò lámì kankan lára débẹ̀, ẹṣin fi pátákò walẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá Sava tó sùn gbọrangandan, ó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ojú kan là, ìkejì pa dé. Wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún gún un. Labalábá kan wá fò jáde lẹ́nu ẹ̀, omi mímọ́ tí wọ́n dà ò bá a, ó lọ.

Ẹ má fi wé àkúdàáyà tiwa o. Àkúdàáyà á sá lọ sílùú míì, á ṣòwò, á láya, eléyìí ò lọ ibì kankan, abúlé ẹ̀ náà ló ń pa.

Ogun ló sì gbé ọ̀rọ̀ fáńpáyà détí àwọn òyìnbó yòókù. Ọdún 1717 ni Ọ́stríà gba Belgrade, olú ìlú Sẹ́bíà, lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì, nígbà tó sì di 1718 àríwá Sẹ́bíà ti di tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá ń gbọ́ ohun táwọn ará oko ń sọ. Ti Petar Blagojević, ará abúlé Kisiljevo tí wọ́n ní ó di fáńpáyà lẹ́yìn ikú, ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1725, ìwé ìròyìn Vienna tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó di 1732, dókítà ọmọ ogun, Johann Flückinger, lọ hú sàréè ní abúlé Medveđa, ó kọ ìròyìn tó fi dé London, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ Arnold Paole wà, ẹni tí wọ́n ní òun náà di fáńpáyà nígbà tó kú, tó ti ní fáńpáyà yọ òun lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì, tó jẹ iyẹ̀pẹ̀ sàréè kó lè bọ́, tó wá já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kó koríko, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Glišić fúnra ẹ̀ tẹ ìtàn tiẹ̀ jáde lọ́dún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n gbà pé Sẹ́bíà ti dòmìnira ní 1878, síbẹ̀ kò kọ ogun kankan sínú ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń fìbọn rìn bíi pé fìlà ni nìkan lẹ máa rí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Àléébù ẹ̀ ni Radojka. Gbogbo wàhálà yìí torí ẹ̀ ni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan, wọ́n jí i gbé níyàwó bí ẹni gbẹ́rù, ìgbéyàwó yẹn tún gùn jù fún mi. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ilé ọlọ yẹn wà lóòótọ́ o, ó wó lọ́dún 2012, ìjọba ìbílẹ̀ wọn sì ní kí wọ́n ṣọ́ra pé Sava lè máa wá ilé míì. Èmi náà, ọjọ́ kejì tí mo kà á tán, mo gbé ata lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá tó ń lọ ata ládùúgbò wa, mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń sùn síbẹ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ wá ṣe?"