Mẹ́mọ́rì káàdì kámẹ́rà: U1, V30, V60 àbí V90, èwo lẹ máa rà?

Ìyàwó ń jó bọ̀ ni kámẹ́rà mi dúró. Ìdána kan l'Ábẹ́òkúta ni, alága ìjókòó ti ń kọrin pè é wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti to síwájú sẹ́yìn, ìbòjú ṣì wà lójú ẹ̀, àfi bí mo ṣe wo ojú kámẹ́rà tí mo rí i pé iná pupa tó máa ń tàn tá a bá ń ya fídíò ti kú, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré káàdì ò tó. Mo tún un tẹ̀, ó yà díẹ̀, ó tún dúró. Kí n tó sáré sọ 4K di 1080p (fídíò tó fúyẹ́ jù ú lọ), ìyàwó ti kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí ẹ̀, ijó àwọlé yẹn ò sì sí nínú fídíò wọn títí dòní, ó ṣì ń dùn mí. Káàdì yẹn kì í ṣe ayédèrú o, 140MB/s (megabyte 140 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gàdàgbà ni wọ́n kọ sí i lára, òótọ́ sì ni, àmọ́ kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí n wò nígbà tí mo ń rà á.

Nọ́ńbà gàdàgbà yẹn, eré kíkà ni, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ bá ti délé tẹ́ ẹ ń kó fídíò kúrò lórí káàdì bọ́ sórí laptop, ibi tó lè sáré dé tí gbogbo nǹkan bá dáa fún un náà sì ni wọ́n ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ń ya fídíò, kíkọ ni kámẹ́rà ń kọ nǹkan sórí káàdì láìsinmi, tí káàdì bá fà sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, ó ti parí nìyẹn. Ohun tó kàn yín ni eré tí káàdì ò ní já wálẹ̀ kọjá ẹ̀, àwọn àmì kékeré ni wọ́n sì fi ń kọ ìyẹn: nọ́ńbà inú C, nọ́ńbà inú U, àti èyí tó tẹ̀lé V. C10, U1 àti V10, nǹkan kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, 10MB/s. U3 àti V30 náà, ọ̀kan náà ni, 30MB/s. V60 jẹ́ 60, V90 jẹ́ 90, 2016 ni wọ́n mú àmì V jáde. Torí náà tí ẹni tó ń tajà bá ní kẹ́ ẹ fowó lé e torí pé C10 àti U1 jọ wà lára ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí kámẹ́rà yín ń fẹ́? Ẹ wọnú mẹ́nù, ẹ wo Mbps (iye megabit tí kámẹ́rà ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) irú fídíò tẹ́ ẹ ń yà. b kékeré ló wà níbẹ̀, B ńlá ló wà nínú MB/s, b kékeré 8 ló ń di B ńlá kan, ẹ sáà pín in sí 8. Camcorder àtijọ́ tó ń ya AVCHD (irú fídíò HD kan) ò lè ju 28Mbps lọ, 3.5MB/s péré nìyẹn, C10 lásán tó o, kò sídìí láti náwó jù bẹ́ẹ̀ lọ (àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, tó bá jẹ́ SDHC, ìyẹn irú káàdì tí kì í ju 32GB lọ, nìkan ni wọ́n kọ sí i lára, 32GB ló lè gbà mọ, tẹ́ ẹ bá ki 64GB bọ̀ ọ́ ó lè má mọ̀ ọ́n). 4K tó jẹ́ 100Mbps, 12.5MB/s ni. Ẹ ti rí i, U1 ni káàdì mi, 10 ni U1 ṣèlérí, kámẹ́rà ń bèèrè 12.5, ohun tó dójú tì mí l'Ábẹ́òkúta nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé V mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń yà, tí 4K yín ò ju 100 sí 200Mbps lọ, V30 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi owó tó kù ra bátìrì. V60 wà fún irú Panasonic GH5 tó ń ya 400Mbps, ìyẹn 50MB/s, V30 ò lè gbé e. V90 wà fún irú Sony a7 IV tẹ́ ẹ bá gbé e sí XAVC S-I 4K 60p (irú fídíò Sony tó wúwo gan-an), 600Mbps ni, 75MB/s. Owó V90 kan á ra V30 mélòó kan, tí kámẹ́rà yín ò bá sì béèrè fún un, fídíò yín ò ní mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwòrán kan náà lẹ máa rí.

Ẹni tó ń ya fọ́tò lọ́rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ RAW (fọ́tò ńlá tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀) léraléra, bí ìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó, kámẹ́rà á kó wọn sínú ara ẹ̀ ná, á wá máa dà wọ́n sórí káàdì, tí káàdì bá lọ́ra ẹ máa dúró wò ó ni. UHS-I àti UHS-II, ìyẹn ọ̀nà tí nǹkan ń gbà láàárín káàdì àti kámẹ́rà, ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, I àti II kékeré tó wà lára káàdì. Nínú kámẹ́rà, UHS-I ò lè kọjá 104MB/s (140 tó wà lára káàdì mi yẹn, reader àkànṣe nìkan ló ń jẹ́ kó sá a), UHS-II dé 312. Ẹ yí káàdì padà, irin ẹ̀yìn UHS-II ìlà méjì ni. Àmọ́ tí kámẹ́rà bá jẹ́ UHS-I, eré UHS-I náà ni káàdì UHS-II máa sá níbẹ̀. Sony a7 III gan-an, ojú ihò káàdì méjì ló ní, ti àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ UHS-II.

A1 àti A2 tẹ́ ẹ ń rí, tìtorí app orí fóònù ni, ẹ má sanwó lé e fún kámẹ́rà.

Ní ti bó ṣe tóbi tó, 64GB máa gba 4K 100Mbps fún bíi ìṣẹ́jú 85. Èmi máa ń ra 64GB méjì dípò 128GB kan, kí ọ̀kan tó bàjẹ́ má báa kó gbogbo òde lọ.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ní Computer Village náà, àwọn kan wà tí inú wọn ò ju 8GB lọ tí wọ́n á máa pe ara wọn ní 128GB, wọ́n á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ fún yín. Ẹ fi app tó ń jẹ́ H2testw wò ó lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac, ó máa kọ nǹkan kún káàdì yẹn bámúbámú, á wá kà á padà. Ẹ jẹ́ kó parí o, fún 128GB ó lè ju wákàtí kan lọ, á sì sọ eré kíkọ tó rí fún yín. Tó bá jẹ́ 12MB/s ló rí lórí káàdì tí wọ́n kọ V30 sí, ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ mú rìsíìtì dání.