Aṣọ òjò àti bàtà tí mò ń wọ̀ ṣọdẹ ní ìgbẹ́ jíjìn: bí mo ṣe rí wọn

Ìgbẹ́ tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn máa wọ̀ láàárọ̀ kó sì jáde nírọ̀lẹ́. Èyí tí à ń sùn sí ni, tí ọkọ̀ kò lè dé, tí gbogbo ohun tí a máa lò wà lẹ́yìn wa. Bí aṣọ bá rin níbẹ̀, kò sí ilé tí èèyàn máa sáré wọ̀. Omi sì máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ, nítorí náà òtútù lè pa ọdẹ tí aṣọ rẹ̀ rin gbindin, kódà lọ́jọ́ tí omi ò dì.

Ẹ̀wù òjò onírọ́bà ni mo kọ́kọ́ ń lò. Òjò kankan ò gba inú rẹ̀ wọlé, mo jẹ́rìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òógùn náà ò rọ́nà jáde. Tí mo bá gbẹ́rù gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi á ti rin kí n tó dókè, bí mo bá sì wá jókòó de ẹran, òógùn yẹn á di òtútù mọ́ mi lára. Ẹni tó máa jókòó lójú kan látàárọ̀ lè wọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ dáa fún un. Ẹni tó ń rìn, rárá.

Èyí tí mò ń wọ̀ báyìí jẹ́ onípele mẹ́ta, Gore-Tex, ìpele ike tínrín tí kì í gbomi, ló wà láàárín rẹ̀. Lọ́dún 1969 ni Bob Gore, ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí rẹ̀, fa irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PTFE, tó gbóná, lójijì dípò kó rọra fà á, ló bá nà, ihò tíntìntín sì kún inú rẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn kéré jù fún ẹ̀kán omi láti gbà wọlé, òógùn tó ti di oru sì lè gbabẹ̀ jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ìgbà tí inú ẹ̀wù bá gbóná tó sì lọ́rinrin ju ìta lọ ni òógùn ń jáde dáadáa. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ìta náà sì móoru, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ lára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ra ẹ̀wù òjò tí kò ní síìpù lábẹ́ abíyá.

Ẹ máa rí nọ́ńbà kan lára irú aṣọ báyìí, bíi 10,000 tàbí 20,000 mílímítà. Gíga omi tó lè dúró lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni. 10,000 tó fún òjò tó ń bọ́ síni lára. Ṣùgbọ́n ọdẹ máa ń kúnlẹ̀, ó máa ń jókòó sórí ilẹ̀ tútù, okùn ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ibi tí nǹkan bá ti tẹ aṣọ ni omi ti ń fipá wọlé. 20,000 ni mo máa ń wá fún ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ ariwo ló ká mi lára jù. Púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gun òkè máa ń dún wàrà-wàrà bí apá bá ti kan ìhà, etí àgbọ̀nrín sì mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi apá ẹ̀wù náà ra ara wọn lẹ́bàá etí yín níbi tó bá pa rọ́rọ́. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ múlọ́múlọ́ kì í pariwo, àmọ́ ó máa ń wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Mo fara mọ́ ìwúwo yẹn. Ẹ dé ìbòrí rẹ̀ náà kí ẹ yí orí wò: bí orí bá yí tí ìbòrí ò tẹ̀ lé e, ẹ ò ní rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ẹ̀wù àwọn ti ń jò, tó sì jẹ́ pé oògùn tí wọ́n fi pa ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń mú kí omi máa yí dànù, ló ti tán. Èéfín, ìdọ̀tí àti okùn ẹrù ló ń pa á, èjìká ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni èmi fi ń fọ tèmi, mi ò jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ kàn án, mo sì máa ń fún un ní ooru díẹ̀ bí ìwé ara rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, mo ra oògùn náà fín in.

Ṣòkòtò ò le tó bẹ́ẹ̀. Kí síìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn débi tí ẹ fi lè wọ̀ ọ́ láì bọ́ bàtà.

Ní ti bàtà, onírọ́bà ò láfiwé nínú àbàtà àti odò kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń yọ̀ nínú rẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í sì í di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Bàtà awọ tó ga tó ínṣì 8, tó ní ìpele tí kì í gbomi nínú, ni mo fi ń gun òkè. Àléébù rẹ̀ ni pé bí omi bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ló máa wà. Nítorí èyí ni mo ṣe ń di aṣọ mọ́ ojúgun, tí mo sì ń jẹ́ kí ṣòkòtò òjò bò ó lórí, kí omi lè máa ṣàn sí ìta. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni mo ń wọ̀ sínú rẹ̀; ó ṣì máa ń móoru bó tilẹ̀ rin, èyí tí ìbọ̀sẹ̀ olówùú kì í ṣe. Nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ni kí ẹ wọ bàtà wò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lójú àtẹ̀gùn. Bí ọmọ ìka bá kan iwájú, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má gbé e sẹ́bàá iná láti yá a gbẹ. Gọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣí, awọ á sán. Mo máa ń yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, mo sì máa ń ki ìwé gbígbẹ bọ̀ ọ́, tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin.

Bí owó ò bá ká gbogbo rẹ̀, bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí, lẹ́yìn náà ẹ̀wù. Ṣòkòtò tó ń tètè gbẹ lásán lè tó yín lò fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó ń rìn máa ń mú ara rẹ̀ gbóná.